Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ìnṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà méjì.
Òfin tí mo kọ sára ògiri nìyẹn, lókè tábìlì,
ní yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó,
kí ojú má baà tan ọwọ́ jẹ.

Bẹ́dífọ́ọ̀dù tó fi ogún ọdún kó obì
ti wá di ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjì lè gbé.
Pákó ara rẹ̀, igi arère ni,
àjẹkù ẹnu ayùn ní sọ́míìlì Jàmíù.
Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, agolo sàdíìnì:
ẹ̀yìn ṣíbí ni mo fi rọ̀ ọ́, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́,
bí ìyá ìkókó ṣe ń fi omi gbígbóná rọ orí ọmọ.
Táyà mẹ́fà, sílípáàsì ìyàwó mi.
Ó ṣì ń wá ẹsẹ̀ òsì. Ẹ má sọ fún un.

Iná iwájú méjèèjì, inú páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ni wọ́n ti wá,
ilé hóró méjì tó mọ́lẹ̀ kedere.
Mo ti gbé àwọn onílé mì.

Mọ́dígáàdì òsì tẹ̀ wọnú díẹ̀.
Kì í ṣe àṣìṣe.
Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti fẹnu kó igi obì
lọ́jọ́ tí bàbá mi ní òun fẹ́ kọ́ ìyá mi ní mọ́tò wíwà.
Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta náà ni mo fi tẹ ojú ibẹ̀,
mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń wò ó, mo ń nà án padà,
títí ó fi rí bí ìgbà tí ẹnu bá dákẹ́ tí inú ò dákẹ́.

Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wa.
Bàbá mi fẹ̀yìn ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó káwọ́ gbera.
Ọdún tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ta ọkọ̀ náà;
ẹni tó rà á wà á gba ọ̀nà Ọrù lọ, kò wẹ̀yìn.
Fọ́tò sì rèé, kò lẹ́yìn.

Kí ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀?
Mo bi Múfútáù, tó fi ọdún mẹ́jọ so rọ̀ mọ́ ọn bí àdán.
Ó ní: WỌ́N LÓ PARÍ.
Ẹ̀gbọ́n mi Adétóùn pariwo láti ìdí ààrò:
irọ́ ni, OHUN OJÚ WÁ ni!
Ṣé ìwọ Múfútáù mọ̀wé nígbà yẹn ni?
Bàbá arúgbó náà fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.
Ó ní, n ò mọ̀wé. Mo mọ ọ̀dà. Ìyeyè ni.

Ọjọ́ yẹn, mo di bọ́rọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta mú
láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n fi mú iná lọ.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mi ò kọ nǹkan kan.

Òjò rọ̀ mọ́jú.
Mo rìn dé ibi tí ọ̀dà pin sí lójú ọ̀nà Ọrù,
mo bu ẹrẹ̀ pupa sínú agolo mílíìkì,
mo sá a gbẹ, mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ nínú gèlè àtijọ́,
mo fi gọ́ọ̀mù pò ó, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ta á sí i lára:
ẹsẹ̀ táyà, abẹ́ pákó, ẹ̀yìn pátápátá.
Mo ti fi ọkọ̀ náà sí oṣù kẹfà.
Ní oṣù kẹfà, ta ló ń ka ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti inú igbó bọ̀?
Ṣùgbọ́n kí n tó ta ẹrẹ̀,
mo ti kán ìyeyè díẹ̀ síbẹ̀, díẹ̀ báyìí,
ohun tó lè jẹ́ ọ̀rọ̀.

Lánàá, ọmọ ọmọ mi wọlé láìkànlẹ̀kùn,
ó fi èékánná ha ẹrẹ̀ náà.
Ẹnu mi là, mi ò lè bá a wí.
Ó tẹ̀ mọ́ ọn, imú rẹ̀ kan pákó.
Ó lóun rí O kan.

Àwọn méjèèjì ló ní O.